Ìkéde Tí Bàbá Mi Ṣe Lórí Rédíò

Nígbà tí àwọn ọmọ mi bá ń wí pé fóònù ló kó àhesọ wọ̀lú, inú máa ń bí mi. Ta ló kó o wọ Ṣakí nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Ṣebí rédíò oníbátìrì nìkan la ní.

Kẹrosíìnì ni bàbá mi ń tà. Iwájú ilé wa ni àgbá rẹ̀ wà, Bàbá Elépo sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn ará Ogbooro àti Ọ̀kákà a máa gbé kéègì wá lọ́jọ́ ọjà, wọn a rà á lọ tà nílé. Òun la fi ń jẹun, òun la fi ń lọ ilé ìwé.

Lọ́dún kan, àtùpà gbiná mọ́ obìnrin aládùúgbò wa lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ń da epo sínú àtùpà tó ń jó lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó jinná, ó ku àpá. Ṣùgbọ́n ẹnu èèyàn ò dákẹ́: wọ́n ní bàbá mi ń po pẹtiróòlù mọ́ kẹrosíìnì. Àdúgbò wa nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́ o, kò tíì dé ọjà. Nígbà tó yá, wọ́n rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Bàbá mi ò gbà. Ó ní òun ń lọ sí Ìbàdàn lọ sanwó ìkéde lórí rédíò, ló bá ta àgbò tí à bá fi ṣe Iléyá. Ìyá mi kúnlẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti ń kú lọ. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ."

"Orúkọ mi ni wọ́n fi ń ṣeré," ni bàbá mi wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kà á, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, ó gbé rédíò sójú fèrèsé, ó pe gbogbo àdúgbò. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, wọ́n dárúkọ Ṣakí, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé kì í ṣe epo rẹ̀ ló jóni. Àwa ọmọ pàtẹ́wọ́. Bàbá tiwa lórí rédíò! Ìyá mi dìde, ó wọlé lọ.

Ọjọ́ ọjà pé, a ò rí kéègì kan. Ọ̀sán ti pọ́n kí oníbàárà wa kan láti Ogbooro tó yọ, ọwọ́ òfìfo ló sì gbé wá.

"Bàbá Elépo, ẹ kú ewu o. A gbọ́ lórí rédíò. Ẹni tó kú yẹn, ṣé ará ilé yín ni?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Pé epo mi kọ́ ló jóni ni mo ní kí wọ́n kà."

Ọkùnrin náà mirí. Àánú bàbá mi ń ṣe é tọkàntọkàn. "Tí kò bá sẹ́ni tó kú, bàbá, kí lẹ wá bá lọ sí Ìbàdàn?"

Ogbooro ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, bàbá mi ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn.

Láti ìgbà náà, tílẹ̀ bá ti ń ṣú, á bu epo wa sí àtùpà, á tàn án, á gbé e sórí àgbá kí aráyé lè rí i pé kò gbiná. Wọ́n rí i. Òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọjá. Kí òjò ọdún kejì tó rọ̀, àgbá ti gbẹ, bàbá mi sì gbé ọkọ́, ó lọ ń kọ ebè iṣu pẹ̀lú ọwọ́ tí kò mọ oko. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Nígbà tó kú, lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin àlejò kan láti Ìsẹ́yìn jókòó tì mí. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé bàbá tó ní òun kọ́ ló pa èèyàn yẹn náà ló kú?"

Aládùúgbò wa ló ń din àkàrà fún wa lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́. Ó dìde nídìí iná, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó ní àpá sí obìnrin náà.

"Èmi tó jó nìyí. Mi ò kú."

Obìnrin náà wo ọwọ́, ó wo ojú.

"Rárá o, ìyá," ó ní. "Tiyín kọ́. Ti orí rédíò yẹn, ó kú."