Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́ Abẹ́ Igi Máńgòrò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkọ̀lé, kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá mi ló máa ń fín ọ̀dà sára àga, kọ́bọ́ọ̀dù àti pósí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí ariwo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà láyé ìgbà yẹn, táǹkì nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré lórí. Abẹ́ igi máńgòrò ni tiwa wà, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Gbogbo adìyẹ ilé ló mọ ibẹ̀ nítorí ooru rẹ̀.

Tí ẹ̀rọ náà bá ti gbóná, bàbá mi á pa á, á jókòó tì í, á máa jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo, á sì máa fọwọ́ kàn án wò bí ẹni tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táǹkì ní ìrọ̀lẹ́ kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Lásìkò òjò, omi náà máa ń pọ̀, á pọ́n bíi tíì. Tó bá ṣẹ́kù, á bá afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà tí a fi ń fín ọ̀dà jáde, ọ̀dà á sì yọ irorẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ta omi sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi ní omi tútù máa ń la irin gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó nawọ́ sókè títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú.

Àárín àsìkò òjò ni màmá mi kú. Bàbá mi ní òun fúnra òun ni òun máa fín pósí rẹ̀, funfun tó ń dán. Káfíńtà pẹ́ kó tó gbé e wá, ó di àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà tutù rinrin, omi bá ọ̀dà jáde, gbogbo ara pósí yọ irorẹ́. Bàbá mi ha á kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ gbóná, ó sì pa á. Àlùfáà ti ń dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ti ṣú, wọ́n ní sàréè ti fẹ́ ya lulẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wá láti Ìpáò, tí à ń pè ní Bàbá Ìpáò, ní òkú ò gbọdọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá mi dá a lóhùn pé, “Uṣẹ́ ùkẹyìn mi fún un rè é. Ẹ jẹ́ ó tutù.”

Ó lọ bọ́jú lẹ́yìnkùlé. Kó tó dé, Bàbá Ìpáò ti da abọ́ omi kan sórí ẹ́ńjìnnì, ìfẹ́ ló fi ṣe é. A gbọ́ ìró kan, orí ẹ́ńjìnnì ti là.

Bàbá mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, èyí tó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ara ògiri ló yẹ, ó fi kun pósí ìyàwó rẹ̀, ó ń sunkún. Ipa búrọ́ọ̀ṣì hàn gbangba. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbé e, àtẹ́lẹwọ́ gbogbo àwọn tó gbé e ló funfun. Ó dùn mí gan-an.

Ó tún ẹ̀rọ náà ṣe lẹ́yìn náà. Gbogbo pósí tó fín látìgbà yẹn ló ń dán, mo sì máa ń jowú àwọn òkú inú wọn.

Lóde òní, ẹ̀rọ tuntun ní fáànù tirẹ̀ àti ife kékeré tó ń gba omi, kò sẹ́ni tó ń jókòó tì í. Adó ni wọ́n ti ń gbé pósí tó ti dán tán wá. Irú rẹ̀ la rà nígbà tí bàbá mi kú, gbogbo èèyàn ló yìn wá. Mi ò lè sọ bó ṣe rí mọ́. Ṣùgbọ́n ti màmá mi, bí mo bá dijú, mo ṣì lè tọ́ka sí gbogbo ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti dúró.