Kí Ọkọ̀ Tó Gbóná

Ọkọ̀ àlòkù kan ni Bàbá mi rà nígbà tí wọ́n di ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkọ̀lé. Ìtàjí ni ilé wa wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń wà á lọ, tí wọ́n ń wà á bọ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí wọ́n wọlé sínú rẹ̀ kí wọ́n kàn gbéra. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wo omi, wọ́n á fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, wọ́n á fi àkísà nù ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó máa kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni wọ́n ń fọ̀: "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, a kì í gbé ẹrù lé e lórí."

Àsìkò yìí ni Ìyá mi máa ń jáde lọ bá wọn. Epo pupa ni Ìyá ń fún tà, iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó. Ilé wa sì kún fún ọmọ àti ọmọ ẹbí, tọkọtaya kò rí ibi kan dá sọ̀rọ̀ àfi inú ọkọ̀ yẹn. Ìyá á jókòó síwájú pẹ̀lú ife tíì wọn, wọn á ti ilẹ̀kùn, èémí wọn á sì bo gíláàsì. Àwa ọmọ mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ lọ yọ wọ́n lẹ́nu. Nígbà mìíràn a máa ń rí i tí èjìká Ìyá ń mì, a ó sì mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Bí ọkọ̀ bá ti gbóná, Ìyá á sọ̀kalẹ̀, Bàbá á sì máa lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ ta ko àṣà yìí. Ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó wá sílé fún Kérésìmesì.

"Bàbá, epo lẹ fi ń ṣòfò. Ọkọ̀ ìsinsìnyí kò fẹ́ èyí mọ́. Ẹ ṣáná sí i, kí ẹ rọra máa lọ, ojú ọ̀nà ni yóò ti gbóná."

"Èyí kì í ṣe ọkọ̀ ìsinsìnyí," Bàbá dáhùn. "Kàbúrétọ̀ àtijọ́ ló fi ń fa epo. Bí mo bá gbé e jáde ní tútù nínú ọyẹ́ yìí, orí òkè ni yóò kú sí."

"Mo gbà pé ó nílò díẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni mo wí."

Ìyá ní, "Ìwọ, fi wá sílẹ̀ jàre. Èmi ni mo ní kó máa pẹ́." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e ni aburú dé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, Ìyá ń dáná lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ tí wọ́n ké pé, "Orí mi o!" Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹnu wọn sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi àti àbúrò mi, tó tún wá sílé fún ọdún, gbé wọn sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé orí wọn lé itan, àbúrò mi bọ́ síwájú. Bàbá sáré jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi sùn. Wọ́n ṣáná sí ọkọ̀. Ó húkọ́, ó kú. Wọ́n tún ṣáná sí i, ó gbà. Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, wọ́n tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Wọn ò kúrò lójú kan.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ!" ni mo ké.

"Ó máa kú mọ́ wa lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ ná!"

"Bó bá kú lórí òkè, ta ni yóò gbé wa? Ọmọ mi, ní sùúrù." Wọ́n ń tẹ epo, wọ́n ń tú u, ẹ́ńjìnnì ń ròkè, ó ń rodò. Àbúrò mi ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. N kò lè sọ bó ti pẹ́ tó. Kò lè pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n lára mi, ó dà bí odindi àárọ̀ kan.

Nígbà tí a gbéra, ọkọ̀ kò kú. Bàbá fi í sáré bí wọn kò ti ṣe rí. Bí a ti kọjá Ayégbajú, Ìyá la ojú, wọ́n wò mí, wọ́n fi ahọ́n tó ti wúwo bi mí pé, "Ṣé ẹ ti ulé?" Mo ní a ti ti ilé pa. A kò tì í. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kí a tó dé ilé ìwòsàn ní Ìdó, ọwọ́ tí wọ́n fi di tèmi mú ti tú.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò bá wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ, pé bó bá tilẹ̀ jẹ́ inú ọgbà àwọn ló ti ṣẹlẹ̀, òun kò rò pé àwọn lè gbà wọ́n là. Èmi àti Bàbá nìkan la gbọ́ ọ. Àbúrò mi ti jáde. Nígbà tí a bá a lábẹ́ igi níta, ó dojú kọ Bàbá.

"Ẹ jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ìyá mi ń kú lọ lẹ́yìn yín."

Bàbá ń wo ilẹ̀, wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àbúrò mi kó lọ sí Èkó, kò sì wá sílé mọ́. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wa, mo máa ń pè é, mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ń tu Bàbá nínú ni."

Bàbá ní tiwọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ti ṣáná sí i, wọ́n á gbéra. Nínú òtútù, ọkọ̀ á húkọ́, á kú síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á wá tì í. Mẹkáníìkì wọn ní ìlú Ọ̀yẹ́ bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n máa jẹ́ kó gbóná, wọ́n á kàn mi orí. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì náà bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, adìẹ sì ń yé sínú ọkọ̀.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣebí ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ?"

"Mo gbọ́. Dókítà kò sí nínú ọkọ̀."

Ìgbà òjò kan ni àbúrò mi dé láìròtẹ́lẹ̀, ó rin gbingbin. Bàbá ti gbẹ, aṣọ ń fì lára wọn. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde," Bàbá wí, "ilẹ̀ tutù. Ṣé o ti jẹun?"

Mo se iṣu, àwo kan náà ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Àárín oúnjẹ ni Bàbá bi í pé, "Ìwọ lo mọ ẹ́ńjìnnì. Ká ní mo gbéra lójú ẹsẹ̀, ṣé à bá gbé ìyá rẹ débẹ̀ láàyè?"

Àbúrò mi gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Rárá, Bàbá. Òkè àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ì bá kú sí. Ẹ̀yin lẹ jàre."

Bàbá wò ó lọ títí. "O ṣeun," ni wọ́n wí. "O ṣeun, ọmọ mi." N kò lè sọ bóyá wọ́n gbà á gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ lọ ro ojú oórì Ìyá.

Bàbá kò rí ọyẹ́ ọdún náà. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, mo bá àbúrò mi lẹ́yìnkùlé, ó dá dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ o," ó wí. "Ohun tí mo sọ fún Bàbá nípa òkè yẹn, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ó kàn ṣe mí bíi pé kí n sọ ọ́ ni."

Mo fà á mọ́ra. Ibẹ̀ la ti jọ ń sunkún títí wọ́n fi wá pè wá pé àwọn àlejò ń lọ.