Ìwé-Ẹ̀rí Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò gbé ìwé-ẹ̀rí yín kọ́ sára ògiri?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo bi Bàbá Babikir, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní ìbéèrè yẹn. Ó pẹ́ tí mo ti ń tò ó lọ́kàn kí ó tó jáde lẹ́nu mi. Ní ìlú wa, Omdurman, ẹni tó bá gboyè nílùú òyìnbó, yàrá àlejò ló ń gbé ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sí, kí ẹni tó bá wá mu tíì lè rí i. Ti Bàbá Babikir wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì wé e.

"Lọ bu ṣúgà sí tíì mi," ló fi dá mi lóhùn.

Olùkọ́ ìṣirò ni, kò sì fẹ́yàwó. Bí àwọn ọkùnrin àdúgbò bá gbé àga síta nírọ̀lẹ́, wọ́n á máa yọ ọ́ lẹ́nu: "Òyìnbó Durham! O lọ kọ́ ìṣirò títí dé ọ̀hún, o ò sì lè ṣírò ọjọ́ tó o máa gbéyàwó! Ó dáa, fún wa ní ìtàn kan."

Á sọ nípa Durham, ìlú òyìnbó tó ti kàwé gboyè: odò tó yí òkè ìlú náà ká, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í jẹ́ kó sùn, àti òtútù tó ń mú un wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè kàwé. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti lẹ́tà. Ìyá rẹ̀, Hajja Sittana, kò mọ̀ ọ́n kọ. Òun á máa sọ, Nafisa ìyá mi á máa kọ, lẹ́yìn náà ni Hajja á na ìwé náà sórí èéfín tùràrí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́.

"Bí lẹ́tà bá ti dé, Ìyá Pringle onílé mi á pariwo láti ìsàlẹ̀: 'Babikir, wá gbé lẹ́tà rẹ o! Títí kan ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi ló ti ń ta sánsán!'"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Òun nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Gbogbo ilé wa ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Hajja kú nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kí Bàbá ṣe ìdánwò àṣekágbá. Àwa kì í sọ ikú fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi títí yóò fi parí ohun tó bá lọ. Àwọn àgbà ní kí ìyá mi máa kọ lẹ́tà lọ bí ẹni pé Hajja ló ń sọ ọ́. Ó kọ mẹ́rin. "Ara mi le, ọmọ mi. Ewúrẹ́ pupa ti bí ìbejì." Nígbà tí Bàbá dé, ìborùn irun àgùntàn tó rà fún ìyá rẹ̀ wà ní apá rẹ̀. Itẹ́ òkú ni wọ́n mú un lọ.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ìyá mi ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jì òun. Gbogbo ọdún ló ń sọ pé, "Nafisa, dìde, fi mí sílẹ̀." Ìyá mi gbà pé kò tíì dárí jì òun.

Lọ́dún yìí, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó tún sunkún wọ ilé ìdáná. Mo gbé tíì lọ fún Bàbá. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mo gbé ife náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òun ló sọ̀rọ̀, ó ń wo inú ife.

"Tahani, o bi mí nígbà kan nípa ìwé-ẹ̀rí mi. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í fọwọ́ kan tùràrí, àbí? Ìyá rẹ kò lè na àwọn lẹ́tà yẹn sórí èéfín. Èyí àkọ́kọ́ dé, Ìyá Pringle gbé e gòkè wá fún mi, ó ní, 'Èyí ò ta sánsán mọ́ o. Ṣé ìyá rẹ ń bá ọ bínú ni?' Mo gbé e símú. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún ara mi pé òjò ibẹ̀ ló fọ òórùn rẹ̀ lọ, mo sì padà sídìí ìwé mi, torí bí mo bá bèèrè, wọ́n á sọ fún mi, màá sì ní láti wálé. Ìyá rẹ kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo jókòó tí mo fèsì lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mo ń kọ ọ́ pé, 'Màmá, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ ewúrẹ́ yín.' Ìwé-ẹ̀rí wo ni kí n wá gbé kọ́?"