Ọwọ́ Antí Kọ́kọ́rọ́ Yá Ju Ẹnu Lọ

Antí Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo wa ń pè é nílé ìwòsàn náà. Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká wà níwájú rẹ̀. Bí bírò bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ mú un, yóò ti tẹ bọ́tìnnì méjì, ojú kọ̀ǹpútà yóò sì ṣú. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá fẹ́ sín, yóò kọ́kọ́ ti kọ̀ǹpútà pa ná.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ni yóò wí. "Ìdí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn ìyá mi, kí ìyá mi fúnra ẹ̀ tó gbọ́."

Èmi ní tèmi, oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lára. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹbí ti ń yan orúkọ kó tó di pé wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Ìkẹta yìí, mo pa ẹnu mọ́. Ọkọ mi gan-an kò gbọ́. Mo fẹ́ kí dókítà sọ pé ó ti dúró, kí n wá fẹnu ara mi sọ fún un.

Ọjọ́ tí dókítà wá sọ ọ́, tí èsì àyẹ̀wò jáde, Antí Kọ́kọ́rọ́ ṣí i kó lè tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wọlé, tó wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Obìnrin náà fẹ́ràn mi o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú rẹ̀. Ó yí tábìlì po, ó dúró sẹ́yìn àga.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìka Antí Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ lọ sórí bọ́tìnnì. Ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣú tán ló tó dìde pé, "Ẹ káàbọ̀, mà."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lejú mọ́ ọn, ó yíjú sí mi. "Ìyàwó wa, kí ló dé?"

"Orí ló ń fọ́ mi, mà."

Nírọ̀lẹ́, ó wá bá wa nílé. "Akọ̀wé yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́. Mo kí i, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀." Ọkọ mi ń bẹ̀ ẹ́, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣe mí lóore ni wọ́n ń bú, n kò sì lè gbè é. Ó dùn mí.

Bó ti lọ tán, mo jókòó ti ọkọ mi. "Dókítà ní ó ti dúró."

Kò béèrè ohun tó dúró. Ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún.

Láàárọ̀, mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Antí Kọ́kọ́rọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ nítorí èébú tó jẹ lórí mi.

"Èébú kì í so," ló wí. "Ẹnu ta ni bàbá ọmọ ti gbọ́?"

"Ẹnu mi ni, mà."

Ó dì mọ́ mi. Èmi tí mo wá dúpẹ́, òun ló ń sọ pé, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun."