Ẹni Tí Ń Sọ Àfòpiná Lórúkọ

Nílé ọkọ Àpìkẹ́, kò sẹ́ni tí kò ní orúkọ méjì. Ìyàwó tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ àbísọ, nígbà tí Àpìkẹ́ sì wọ agboolé náà ní Òṣogbo, ó sọ ẹni tó dúdú ní Adúmáadán, ó sọ ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ní Eyínfúnjowó. Àwọn orúkọ náà bá wọn mu débi pé ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ń fi pè wọ́n.

Nígbà tí òun àti Mọ́ṣúdù ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, kó lọ sí àdúgbò Igbona, kò sí ọmọ ọkọ nítòsí mọ́. Àfòpiná ló kù tó lè sọ lórúkọ. Bí wọ́n bá ti kírun Ìṣái tán, wọn a jókòó síta, wọn a máa wo àwọn tó bà sára ògiri lábẹ́ gílóòbù. Aláwọ̀ eérú ni Eruku-Ọyẹ́. Èyí tó dúdú, tó ní ìlà funfun tín-ín-rín, ni Ẹlẹ́wù-Ẹtù. Mọ́ṣúdù a rẹ́rìn-ín títí. "Àpìkẹ́, wá wo èyí! Kí la ó pè é?"

Àṣé ọ̀rọ̀ àfòpiná ti wọ Mọ́ṣúdù lára. Ó ra aṣọ funfun tó ń ta sára ògiri kí àfòpiná lè máa bà lé e, ó sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tí ń wo àfòpiná lórí Wasáàpù. Ibẹ̀ ló ti mọ Títílọpẹ́, ọmọge Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìbòkun, tó mọ orúkọ Látìn gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ Látìn ni Mọ́ṣúdù ń kọ́ sórí bí ọmọ iléékéwú. Kò bi Àpìkẹ́ ní nǹkan kan mọ́.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Àpìkẹ́ sanra dáadáa kí ọyẹ́ tó dé. Nígbà tí ọyẹ́ fi ń kásẹ̀ nílẹ̀, búláòsì rẹ̀ ti ń yọ̀ léjìká. Kì í ṣe pé ó rò pé ọkọ òun ń fẹ́ ọmọ náà. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ sàn, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá orogún jà. Ṣùgbọ́n ipò tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ta ni yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ́ṣúdù pe Títílọpẹ́ wá sílé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí Àpìkẹ́ dáadáa, ìyẹn gan-an tún dùn ún, torí kò rí ohun tó máa fi bú u. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tíṣà lóṣòó síwájú aṣọ funfun.

"Ọmọ òṣómàáló," Àpìkẹ́ sọ nínú ara rẹ̀. "Wọn kì í lóṣòó lásán. Ohun tí wọ́n bá wá gbà, wọ́n á gbà á."

Ó bá dìde. Ó mú ìró funfun tirẹ̀, ó fi í kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì tan gílóòbù tó mọ́lẹ̀ jù nínú ilé. Kò pẹ́ tí àfòpiná fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ńlá kan bà sára ìró náà, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, àmì tó dà bí ojú ràbàtà sì wà lára ìyẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Inú Àpìkẹ́ dùn.

Mọ́ṣúdù sáré dé. "Títílọpẹ́, wá wò ó!"

Àwọn méjèèjì kẹ̀yìn sí Àpìkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀.

"N ò mọ eléyìí, sà," Títílọpẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n ya fọ́tò ẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́."

Mọ́ṣúdù yíjú padà. "Àpìkẹ́, kí la ó pè é?"

Orúkọ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀: Mo-Ń-Wò-Yín. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, tó bá di ọ̀la, orúkọ Látìn á dé, á lé e jáde.

"Ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n," ló sọ, ó sì pa iná.

Wọ́n gbọ́ tí àfòpiná ńlá náà fò lọ.

"Títílọpẹ́, má bínú," Mọ́ṣúdù wí nínú òkùnkùn. "Èmi ò mọ̀ rí pé àfòpiná yàtọ̀ síra. Ìgbà tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí wọn."

Àpìkẹ́ tan iná padà. Kò sí nǹkan kan lára ìró náà mọ́.