Àáró Lórí Pápá Họ́kì

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi bínú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ẹ̀fọ̀n. Kì í ṣe irú ìbínú tí ènìyàn fi ń ṣépè fún ẹlòmíràn. Irú èyí ni tí olùkọ́ eré ìdárayá máa ń gbé dé ilé, tí yóò máa dá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi bi í pé ta ló ń bá jà. Ìjerò ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní họ́kì, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá tó tẹ̀ lẹ́nu gbá bọ́ọ̀lù kékeré tó le bí òkúta. Ọdọọdún ni àwọn ọmọ Ẹ̀fọ̀n ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọn wá nà wá, tí wọn yóò sì kọrin wọ bọ́ọ̀sì padà.

Mo ní àlàyé fún un. Ẹni tí wọ́n bá ń nà kì í ṣàìní àlàyé. Mo ní òkè ni wọ́n ń gùn lọ sí ilé-ìwé láràárọ̀, ìdí nìyẹn tí èémí wọn kì í fi í tán. Mo ní pápá tiwa ló rí gbágungbàgun. Mo ní àna wọn ni rẹfirí, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àna tiwa náà ni. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ta ni kì í ṣe àna ẹnìkan?

Kọ́lẹ́ẹ̀jì márùn-ún ni wá nínú líìgì náà: tiwa, ti Ìpotì, ti Àrámọ̀kọ, ti Èrìjìyàn àti ti Ẹ̀fọ̀n. Káfíńtà kan ní Ìpotì ló ń gbẹ́ ọ̀pá fún gbogbo wa, nítorí náà ọwọ́ kan náà ló ṣe èyí tí a fi ń gbá àti èyí tí wọ́n fi ń nà wá. Owó kò sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìwé òfin wà. Àwa olùkọ́ márààrún la jọ kọ ọ́, a sì jiyàn lórí gbogbo ìlà rẹ̀ bí ẹni ń pín ilẹ̀ baba.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, lẹ́tà kan dé. Líìgì ńlá ti gbogbo ìpínlẹ̀ fẹ́ gba àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀dọ̀ wa wọlé, ṣùgbọ́n àyè mẹ́rin péré ló wà. Àwọn mẹ́rin tó bá ṣíwájú nínú wa ni yóò wọlé, ẹni karùn-ún yóò dúró síta. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ènìyàn rẹ̀ lórí pápá kò bá pé mọ́kànlá ti pàdánù eré ọjọ́ náà.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni, kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dunni. Ó ní, "Tíṣà, bí a bá wọlé, họ́kì á máa bá a lọ. Bí a ò bá wọlé, màá fi pápá yẹn kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà. Àwọn òbí ń béèrè kọ̀ǹpútà. N ò tíì rí ẹni tó béèrè họ́kì." Mo wo pápá náà láti ojú fèrèsé rẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ la fi àdá ṣán an lọ́dún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, tí a hú kùkùté, tí a sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé èèrà mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tó fi ku eré kan ṣoṣo, àwọn mẹ́ta yòókù ti wọlé. Ó ku àwa àti Ẹ̀fọ̀n. Pọ́ìǹtì kan ni wọ́n fi jù wá lọ. Bí a bá nà wọ́n, àwa la wọlé. Bí a bá ta ọ̀mì, àwọn ni. Orí pápá wa la ó sì ti gbá a.

Ọ̀sán Sátidé ni. Bọ́ọ̀sì wọn dé, mo sì ń ka orí bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ka mẹ́sàn-án. Mo dúró de àwọn tó kù. Dẹ́rẹ́bà ló sọ̀ tẹ̀ lé wọn, ó ń nu ojú.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àpólò, àrùn ojú tó ń ràn yẹn, ti wọ ilé ibùsùn àwọn ọmọ wọn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n dá àwọn kan padà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì nítorí ojú wọn ti pọ́n, gólì wọn, ọmọ tó ń ṣọ́ ilé fún wọn, sì wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí: inú mi dùn. Ojú ọmọ ọlọ́mọ ń ṣepin, inú mi ń dùn, mo tilẹ̀ ti ń ro bí màá ṣe ròyìn fún ọ̀gá láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Obìnrin ni olùkọ́ wọn. Ó jù mí lọ díẹ̀, ó ga, ó sì máa ń dé fìlà òwú kan nítorí òtútù òkè, kì í ṣí i bí oòrùn wa tilẹ̀ ń jó o. Lọ́dún mọ́kànlá yẹn, kò sí ohun tó kọjá ẹ kú iṣẹ́ láàárín wa. Ó rìn wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí àwọn òbí jókòó sí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ ti rí wa. Mẹ́sàn-án la jẹ́, àwọn tó kù wà ní ulé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọmọ méjì."

Mo ní, "Kí n yá yín lọ́mọ, kí ẹ fi nà mí?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Àáró ni mo wá bẹ̀. Ṣé wọn kì í dá àáró ní ulé baba yín ni?"

Gbogbo àwọn òbí yíjú sí mi.

Ará Èrìjìyàn ni baba mi, àgbẹ̀ paraku. Òun àti àwọn mẹ́ta kan ló jọ ń dá àáró: lónìí gbogbo wọn á kọ ebè uṣu lóko ẹnìkan, lọ́la wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. A kì í kọ àáró lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ọjọ́ bá sì kan baba mi tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀gbọ́n mi tó lágbára jù nínú wa ló ń rán lọ. Kì í rán èmi. Ó ní bí a bá rán ọ̀lẹ lọ san àáró, ojú ebè ni wọn yóò ti mọ irú ènìyàn tí a jẹ́.

Rẹfirí ṣí ìwé òfin wa. Ìlà náà wà níbẹ̀, àwa ọmọ àgbẹ̀ la kúkú kọ ọ́: kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè yá èkejì ní ọmọ, bí àwọn olùkọ́ méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Líìgì ńlá kò tíì yọ òfin wa kúrò. Ó na báírò sí mi.

Mo fọwọ́ sí i. Ìtìjú ló mú mi ṣe é, kì í ṣe inú rere. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ọgbọ́n kún un, irú ọgbọ́n tí àwọn ará ibí ń pè ní ọgbọ́n àgbọ́njù. Mo yí padà sí àwọn ọmọ mi, mo sì mú àwọn méjì tí kò wúlò fún mi rárá.

Àkọ́kọ́ ń sáré dáadáa títí bọ́ọ̀lù yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èkejì ni gólì mi kẹta. Ọmọ tín-ín-rín kan ni, kì í sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta ló ti wà pẹ̀lú wa, kò gbá eré kan rí. Iṣẹ́ tí mo fún un ni pé kó dúró lẹ́nu gólì nírọ̀lẹ́, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá máa fi í dánra wò, nítorí n kò fẹ́ kí bọ́ọ̀lù ṣe gólì mi gidi léṣe. Bàtà họ́kì tí ilé-ìwé ní kò tó, àwọn tó ń gbá ni mo ń fún. Bàtà rọ́bà ni àwọn méjèèjì wọ̀ kọjá sọ́dọ̀ àwọn ará Ẹ̀fọ̀n. Olùkọ́ wọn fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n, ó dúpẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó de páàdì gólì mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ tín-ín-rín yẹn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ní tòótọ́, a gbá a dáadáa jù bí a ti ń gbá a tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú gólì wọn la wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ mi gbá a sí ọ̀tún, gólì kẹta wà níbẹ̀. Wọ́n gbá a nílẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ dí i. Wọ́n gbé e sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Mo kọ́kọ́ pè é ní orí ire. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo rí i pé ojú ọmọ náà kò sí lára bọ́ọ̀lù rárá. Èjìká àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó mọ ibi tí oníkálùkù wọn máa gbá a sí kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù.

Ta ni yóò ṣàìmọ̀ ọ́n? Ìrọ̀lẹ́ ọdún mẹ́ta ni mo fi í sójú ọta wọn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń làágùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Èmi kò tilẹ̀ tà á, ọ̀fẹ́ ni mo fi í ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fún wa ní pẹ́náltì. Ẹnikẹ́ni kò tíì gbá góòlù wọlé. Kápútẹ́nì mi, ọmọ tó mọ họ́kì jù lọ tí mo kọ́ rí, ló gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ọwọ́ òsì, nílẹ̀, ni òun máa ń gbá tirẹ̀ sí, kì í tàsé. Mo fẹ́ pariwo pé kó yí i padà. Bí mo bá pariwo, gbogbo ayé á gbọ́, nítorí náà mo pa ẹnu mọ́. Ó gbá a. Gólì kẹta ti ń ṣubú lọ sápá ibẹ̀, ó na ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù bà á ní ìtẹ̀lẹ̀ ẹsẹ̀. Bàtà rọ́bà náà ta sókè, ó balẹ̀ sẹ́yìn gólì, bọ́ọ̀lù sì yí lọ síta.

Rẹfirí fọn fèrè. A ta ọ̀mì. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n gbé ọmọ mi sí èjìká wọn, wọ́n ń kọrin, bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́, ó wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà, tí ẹ jẹ́ kí n gbá. Ẹ má bínú, sà." Mo ní kó dìde. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ó káre, pé èmi ni mi ò ríran láti ọjọ́ yìí wá. Ẹnu mi kò gbà á. Ọdún yẹn ló parí ìwé, n kò sì sọ ọ́ fún un títí ó fi lọ. Ó ń dùn mí títí dòní ju eré náà lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, líìgì ńlá bẹ̀rẹ̀ láìsí àwa níbẹ̀. Ọ̀gá kó búlọ́ọ̀kù sí ìdajì pápá, kò sì tíì rówó kọ́lé. Koríko gba ìdajì kejì. Ọmọ mẹ́sàn-án ló ṣì ń tẹ̀ lé mi jáde nírọ̀lẹ́, àwọn yòókù ti lọ síbi eré sísá. Nígbà náà ni fóònù mi dún.

Ohùn obìnrin náà ni. "Tíṣà, mò ń bọ̀ wá san àáró ní Sátidé."

Ó dé lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì wọn kún. Mo ti ṣán koríko, mo sì fi eérú fa ìlà yíká ibi tó kù fún wa. Ó béèrè iye ọmọ tí mo ní, mo ní mẹ́sàn-án. Ó ní òun ti mọ̀. Ó pe ọmọ méjì jáde láti inú tirẹ̀: kápútẹ́nì rẹ̀, àti ẹni tó ń gbá góòlù fún wọn, tí ìpínlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sínú ẹgbẹ́ họ́kì tirẹ̀. Bàtà tuntun ti líìgì ńlá wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ó ní kí wọ́n kọjá sọ́dọ̀ mi, wọ́n kọjá, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi.

A nà wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjìlá. Àwọn ọmọ mi fò, wọ́n dì mọ́ra, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti ń retí ọjọ́ náà tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, n kò mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

Lẹ́yìn eré, èmi àti obìnrin náà jókòó lábẹ́ máńgòrò, à ń mu omi. Mo ní, "Màdáámú, àwọn tó dára jù lẹ kó fún mi."

Ó ní, "Àáró ni."

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo ní, "Àwọn tí mo fún yín lọ́jọ́ sí..."

Ó ní, "Mo mọ̀, Tíṣà. Mo rí bàtà wọn."

Ó fa fìlà òwú rẹ̀ wálẹ̀, ó dìde, ó sì lọ pe àwọn ọmọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì.