Ojú Ẹ̀rọ Tó Ṣókùnkùn Lẹ́yìn Ìwọlé

Nínú rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwa tí a bí ní sáà kan náà, ẹnìkan kì í tilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkejì. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ náà ní kí n fún òun ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà mi, kí òun lè bá mi tún un ṣe, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ló gbé Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sí i fún mi. Inú ẹ̀rọ yìí ni ìtàn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ wa wà, èyí tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ, tí n óò kọ́kọ́ kà fún ẹgbẹ́ ní ìpàdé ọ̀sán Àìkú.

Ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì; alẹ́ Sátidé ló tó dá a padà. Ní òwúrọ̀, mo tan án. Ojú ìwọlé yọ bó ti máa ń yọ; mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù.

"N kò yí nǹkan kan padà níbẹ̀. Eruku ara rẹ̀ ni mo gbọ̀n," ni ó wí. "Ìwé lo mọ̀, ẹ̀rọ ò gba gírámà. Gbé e wá lọ́la, n óò nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ dànù, ká tún un tò."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀?"

"Kí ló wà níbẹ̀ tí o kò lè tún kọ?"

Mo rò ó pé bí ojú ìwọlé bá lè yọ, ojú ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ohun tó ń mú un ṣókùnkùn gbọ́dọ̀ wà lára ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwọlé. Mo di bọ́tìnì Ctrl àti Alt mú, mo tẹ F3. Ojú dúdú tó ní kìkì lẹ́tà funfun yọ, mo sì gba ibẹ̀ wọlé. Ìtàn mi wà níbẹ̀ pérépéré. Mo wá yẹ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé nígbàkígbà tí mo bá wọlé wò, mo sì bá ọ̀kan tí kì í ṣe tèmi: kí ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kú, kí àwòrán gba wáyà lọ sójú mìíràn níta. Ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan han èrò lára ògiri ni í pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, ojú ẹ̀rọ sì là.

Ní ìpàdé, bí mo ti dìde láti ka ìtàn náà, obìnrin kan nínú wa rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ kà á ni? Ọ̀rẹ́ rẹ ti gbé e sára ògiri fún wa ní ìpàdé tí a ṣe ní Ọdọgbólú lọ́sẹ̀ tó kọjá, lọ́jọ́ tí o kò lè wá. A ò mọ̀ pé ó lè kọ̀wé tó báyẹn."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi.

"Ìtàn gbogbo wa ni," ni ó wí, láìwo ojú mi.

Mo kà á dé òpin. Wọ́n ṣe sùúrù fún mi, bí a ti í ṣe fún ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ.